Omi Nínú Kábúrétọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lẹ́nu àwa tó ni ín. Mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlaròó. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ pé èmi ni mo jókòó sẹ́yìn òun. Ó ti fi ata sí i, ó ti fi iyọ̀ sí i, ó ní iná ń yọ lójú máṣíìnì àbúrò mi. Iná kankan kò yọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ó ṣojú mi. Ohun tí n kò bá rí, tí n kò sì gbọ́, n kò ní kọ ọ́. Ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì, Gbénga mẹkáníìkì ṣì wà ní Ayétòrò, kó lọ bi í. Bóyá yóò dáhùn ni n kò mọ̀.

Abdulfatah ni àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa. Èmi ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀yìn ìlú Ayétòrò. Òun ń fi máṣíìnì kó ẹrù gba ọ̀nà igbó lọ sí ẹnubodè, ní apá Ìmẹ̀kọ. Gàrí ló ń kó lọ. N kò ní purọ́, ìrẹsì ló máa ń kó bọ̀.

Máṣíìnì bàbá wa ló ń gùn. Bàbá wa rà á kí wọ́n tó bí wa, nígbà tí kòkó ṣì ń ṣe é ní ọlọ́lá. Táǹkì rẹ̀ rí róbótó bí ikùn aboyún. Kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ lójú títì. Àwọn ọlọ́kadà máa ń fi Abdulfatah ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tó ń gùn dàgbà ju òun alára lọ.

"Tiyín á ti di irin àjókù," ló máa ń dá wọn lóhùn, "èmi á ṣì máa gun tèmi."

Bí bàbá wa ṣe ń jí i ni Abdulfatah náà ṣe ń jí i. Yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta irin kíìkì lẹ́ẹ̀mejì láìyí kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí epo lè dé ibi tó yẹ kó dé ni. Yóò dúró díẹ̀. Yóò wá yí kọ́kọ́rọ́, yóò ta á lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì á sì jí. Gbogbo ilé ló mọ ìró yẹn. Méjì gbígbẹ. Ìdákẹ́. Ọ̀kan. Bí Jẹ̀mílátù ìyàwó rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ láàárọ̀, á mọ̀ pé ọkọ òun ti ń lọ.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, ó lọ, kò sì bọ̀.

A pe fóònù rẹ̀, kò lọ. A dúró. Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá olóko kan pè mí láti apá Ìmẹ̀kọ. Nọ́ńbà mi ló rí lára táǹkì, nítorí Abdulfatah ti fi ọ̀dà kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní máṣíìnì náà dúró lábẹ́ igi èmi, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, létí odò kan nínú igbó. Ó ti pẹ́ tí òun ti ń rí i, kò sí ẹni tó wá gbé e. Ẹ̀rù bà á kí olè má gbé e lọ. Ó ti bá wa tì í wá sí Ìmẹ̀kọ, kí n wá gbà á.

"Odò náà ńkọ́, Bàbá?" mo bi í. "Ṣé ó jìn?"

"Odò wo? Ẹ̀ẹ̀rùn nìyí, ọmọ mi. Kò mu èèyàn dé orúnkún."

Mo lọ gbé e. Mo fi ọkọ̀ gbé e wálé. Ìyá wa fi ọwọ́ pa àga rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Alùfáà Husain wá. Òun ló so yìgì Abdulfatah àti Jẹ̀mílátù. Ó jókòó sórí àpótí, ó wo ilẹ̀ títí.

"Màmá," ó ní, "a ti dúró tó. Ọmọbìnrin yìí kò lè máa wà báyìí. Kì í ṣe ẹni tó lọ́kọ, kì í ṣe opó. Àwọn òbí rẹ̀ ti bá mi sọ̀rọ̀. Ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká kírun sí Abdulfatah lára, kí ìyàwó rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ opó ṣíṣe."

"Ara wo?" ni ìyá wa bi í.

Jẹ̀mílátù wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ń gbọ́. Kò sunkún.

"Bí ẹ bá gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ kó tó di Jímọ́ọ̀," ni Alùfáà wí nígbà tó ń dìde, "ẹ ránṣẹ́ sí mi. Inú mi ni yóò kọ́kọ́ dùn."

Mo pinnu pé n ó lọ wá àbúrò mi. Ọ̀nà igbó yẹn, mọ́tò kò gbà á. Máṣíìnì nìkan ló gbà á, ọ̀kan ṣoṣo tó sì wà nílé wa nìyí. N kò fẹ́ kí wọ́n kírun sí alààyè lára. N kò sì fẹ́ kí ìyàwó òkú máa retí ọkọ. Mo ta kíìkì títí ẹsẹ̀ mi fi ń gbọ̀n. Kò jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tì í lọ sọ́dọ̀ Gbénga. Abẹ́ igi kaṣú lẹ́bàá ọ̀nà ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni Abdulfatah máa ń gbé e lọ bá. Kristẹni ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Alààjì Búlọ́ọ̀kù ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò rí Mẹ́kà rí.

"Alààjì Búlọ́ọ̀kù, ẹ ti gbé bàbá àgbà wá fún mi."

"Kò jí."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀ ẹ́."

Ó tú púlọ́ọ̀gì. Ó fi í ti ara irin, ó ta kíìkì. Iná ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó mọ́ kedere.

"Iná wà," ó ní. Ó yí púlọ́ọ̀gì náà sójú oòrùn. Ó tutù. Ó fi ìka kàn án, ó gbé ìka náà sí imú. "Epo kọ́ ló rin ín báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ife kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀, ibi tí epo máa ń dúró sí kí ẹ́ńjìnnì tó fà á. Omi ló wà níbẹ̀. Omi tó mọ́ gaara.

"Epo ẹnubodè," ni Gbénga wí. "Wọ́n ti bomi là á. Alààjì, ẹ fetí sí mi. Máṣíìnì tó bá mu omi, kì í kú, kì í sì í yè. Yóò jí, yóò wúkọ́, yóò dákẹ́. Ẹ ó rò pé ó ti kú. Yóò tún jí."

Ó fi ẹnu ṣe ìró rẹ̀ fún mi. Ó ń jí, ó ń wúkọ́, ó ń gbé omi mì, ó ń dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Abdulfatah ti lọ, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo rẹ́rìn-ín.

Ó da gbogbo epo inú táǹkì sínú ike funfun, ó gbé e sílẹ̀ kó tòrò. Omi wúwo ju epo lọ. Bó bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí. A wò ó. Kò sí. Epo ni láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Gbénga họ orí. "Ó dáa. Ó ti mu gbogbo rẹ̀ tán nìyẹn."

Ó fọ kábúrétọ̀ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ojú ihò rẹ̀. Ó fi wáyà tín-ín-rín gún ibi tí epo ń gbà, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó sá a sí oòrùn. Ó tò ó padà, ó bu epo mìíràn sí i, ó ta kíìkì. Ẹ́ńjìnnì jí. Ohùn rẹ̀ dún bí ohùn rẹ̀ àtijọ́, tó fi jẹ́ pé ojú mi rin.

Mo gùn ún wálé. Ó dára títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Níbẹ̀ ló ti wúkọ́. Ó gbé nǹkan mì. Ó dákẹ́.

Mo tì í wọ abẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, níbi tí Abdulfatah máa ń gbé e sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú ife náà bí mo ti rí Gbénga tó tú u. Omi ló kún un dé ẹnu.

Gbénga wá sílé wa. Ó yẹ ìdérí táǹkì wò. Ó yẹ rọ́bà tó ń gbé epo wò. Ó ní ìrì ló ń wọ ọ́. Ó gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run, ó pa ẹnu dé. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn. Ètè wa ń bó. Igi ilẹ̀kùn ń là. Kò sí ìrì níbì kankan ní gbogbo Yewa.

"Ẹnì kan ń fi yín ṣeré," ó ní.

Ó yọ rọ́bà epo kúrò pátápátá. Ó fi èkísà dí ẹnu kábúrétọ̀, ó so ó le. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fún ìyá wa. Ìyá wa dì í sí etí ìró rẹ̀.

"Ó dáa," ni Gbénga wí. "Bí omi bá tún wà níbẹ̀ lọ́la, Màmá, n ó gba ẹ̀sìn yín."

"A ó fi ọ́ ṣe ládàánì," ni ìyá wa dá a lóhùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Jẹ̀mílátù.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Màgàríbì tán. Èmi àti ìyá wa ṣì wà lórí ẹní. Afẹ́fẹ́ ti dáwọ́ dúró. Eruku wà lójú sánmà, ìmọ́lẹ̀ tó kù pọ́n bí epo pupa. Tẹ̀sùbáà ìyá wa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ilé, kíìkì ta.

Ó tún ta.

Méjì gbígbẹ. Tẹ̀sùbáà dúró. A ń retí ẹ̀kẹta. N kò mí. Ó pẹ́, ó pẹ́. Ẹ̀kẹta kò wá.

Jẹ̀mílátù sáré jáde láti ilé ìdáná. Orógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn?" Ó rí mi lórí ẹní. Ó dúró. "Ta wá ni?"

Mo mú iná tọ́ọ̀ṣì, mo lọ. Kò sí ẹnì kankan lábẹ́ páànù. Máṣíìnì dúró bí a ti gbé e sí. Ṣùgbọ́n irin kíìkì náà ń gòkè padà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Mo fọwọ́ kàn án. Omi ni.

Nígbà tí mo padà, ìyá wa ń fọwọ́ tẹ etí ìró rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

"Èyí ló ń wá," ó ní.

Gbénga wá láàárọ̀. A kò sọ nǹkan kan fún un. Ó tú èkísà náà. Ó gbẹ táútáú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá tú ife ìsàlẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò.

Omi ló kún un. Nínú omi náà, ẹja kan wà. Kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ ife náà po, ó ń wá ọ̀nà.

Mo rántí ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Gbénga náà rántí rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó da ife náà sórí iyẹ̀pẹ̀. Àkùkọ mi sáré wá, ó ṣa ẹja náà jẹ. Àkùkọ yẹn kò kọ mọ́ títí di òní.

Kò sí ẹni tó rán Gbénga létí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó sọ. Ó fi èkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní. Kò pè mí ní Alààjì. "Ẹ́ńjìnnì yìí kò ṣe nǹkan kan. Iná rẹ̀ pé. Epo rẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe nínú rẹ̀ mọ́." Ó fọwọ́ kan táàpù tó ń ti epo lábẹ́ táǹkì. "Nígbà tí bàbá olóko yẹn rí i, báwo ni táàpù epo ṣe wà? Ṣíṣí ni àbí títì?"

Mo pe bàbá náà lórí fóònù.

"Ó wà ní títì," ni bàbá náà wí. "Èmi ni mo ṣí i. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá epo wà nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ àga, ibẹ̀ ni mo ti rí i."

Gbénga gbọ́ ọ. Ó jókòó sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀.

"Àwọn tó ń gba ọ̀nà igbó ni mò ń bá ṣiṣẹ́," ó ní. "Wọ́n ní òfin kan. Ẹni tó bá ti táàpù epo, tó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ àga, kò ṣubú, aṣọ́bodè ò sì lé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ó fi ibẹ̀ ṣe ibi tí yóò padà sí. Wọn kì í gbé irú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ì báà di ìpẹtà. Àgbẹ̀ ni bàbá yẹn. Kò mọ̀."

"Bó bá wá padà," mo ní, "tí kò bá a níbẹ̀ ńkọ́?"

Gbénga wo irin kíìkì náà.

"Á máa wá a kiri."

Ìyá wa ti wà lẹ́yìn wa láti ìgbà yẹn, a kò mọ̀. "Ẹ dá a padà," ó ní. "Ẹ dá a padà kó tó di Jímọ́ọ̀. Ọmọ mi kò rí ohun tí yóò gùn wálé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kíìkì tún ta. Méjì gbígbẹ. Jẹ̀mílátù ń fọ abọ́. Kò dìde.

"Ó ń gbìyànjú," ó ní, bí ẹni ń bá abọ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ la gbé e lọ. Gbénga ti dá rọ́bà epo rẹ̀ padà, ìyá wa sì ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo gun máṣíìnì bàbá wa, Gbénga gun tirẹ̀ tẹ̀ lé mi. Mo ti rò pé yóò dákẹ́ lójú ọ̀nà. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. A kọjá Ìmẹ̀kọ, a wọ igbó. Ibi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, ọwọ́ rẹ̀ máa ń yà fúnra rẹ̀ kí n tó yà á. Ó ń lọ bí ẹran tó gbọ́ òórùn ilé.

Bàbá olóko ti júwe ibẹ̀, ṣùgbọ́n a kò nílò àpèjúwe. Mo rí igi èmi náà. Mo rí odò. Omi rẹ̀ kéré, ó mọ́ gaara, ó ń lọ láìdún. Kò sí ẹyẹ. Kò sí kòkòrò tó ń ké. Nígbà tí a pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì, mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi létí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Gbénga wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ wo ilẹ̀."

Ipa bàtà wà lórí iyanrìn. Ó ti inú omi jáde. Ó dé ìdí igi èmi. Níbẹ̀, ó yí ojú kan ṣoṣo po, yí i po, yí i po, ó sì padà sínú omi. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn mìíràn wà lórí àwọn tó ti gbẹ náà, àwọn yẹn ṣì tutù. Bàtà rọ́bà ni, èyí tí gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti jẹ lápá kan. Mo mọ bàtà yẹn. Èmi ni mo ní kó jù ú nù, kó ra òmíràn.

Mo fẹ́ pè é. Mo ti la ẹnu.

"Ẹ má pe orúkọ rẹ̀," ni Gbénga wí.

Ojú ihò tí irin ìdúró máṣíìnì gbẹ́ sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ igi. Mo gbé e síbẹ̀, ó bá a mu. Mo ti táàpù epo. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ àga. Mo gun ẹ̀yìn Gbénga, a sì kúrò níbẹ̀.

A kò tíì jìnnà nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì Gbénga ń pariwo, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ. Méjì gbígbẹ.

Ìdákẹ́.

Ọ̀kan.

Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́yìn wa.

Èjìká Gbénga le gírígírí. "Ẹ má wo ẹ̀yìn," ó ní. Ó na ọwọ́, ó yí dígí ọ̀tún dojú kọ ilẹ̀. Ó yí tòsì náà.

Ó ń tẹ̀ lé wa. Bí a bá sáré, kò jìnnà sí wa ju bó ti wà lọ. Bí a bá rọra, kò sún mọ́ wa. Ohùn rẹ̀ pé, bí Gbénga ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á wúkọ́, á gbé nǹkan mì, á tún máa bọ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà, ìyá kan ń kó ẹ̀gẹ́ tó sá sórí àpáta. Ó kí wa, "Ẹ kú ìrìn o." A dá a lóhùn. Mo rí i tó tún kọjú sí ẹ̀yìn wa, tó tún la ẹnu láti kí ẹni tó ń bọ̀. Ẹnu rẹ̀ dúró ní lílà. Ẹ̀gẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò wo ẹ̀yìn. Ẹ gbà mí gbọ́. Àbúrò mi ni, n kò sì lè wo ẹ̀yìn.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí a dé ilé. Wọ́n ń pe ìrun Màgàríbì. Jẹ̀mílátù ti wà níta. Ó ti fi àtíkè pa ojú, ó wọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ yìgì rẹ̀. Ó ti gbá ẹnu ọ̀nà mọ́. A sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń tẹ̀ lé wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ ọ létí ọ̀tún, lẹ́yìn náà létí òsì. Kò sí ohun tó kọjá. Ó yí sí ẹ̀yìn ilé. Ó wúkọ́. Ó dákẹ́.

Lórí eruku tí Jẹ̀mílátù gbá, ipa táyà kan wà. Ó tutù. Ó wọlé lọ sí abẹ́ páànù. Kò sí èyí tó jáde. Abẹ́ páànù ṣófo.

Ìyá wa jókòó sórí ẹní rẹ̀. Ó kọjú sí ibi tó ṣófo náà.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní.

Gbénga wo ìyá wa, ó wo mí. Ó gun máṣíìnì rẹ̀, ó lọ. Kò kí ẹnì kankan pé ó dàárọ̀.

Ní Jímọ́ọ̀, Alùfáà Husain wá pẹ̀lú bàbá Jẹ̀mílátù àti àwọn ọkùnrin ẹbí rẹ̀. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun. Ìyá wa pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ padà," ó ní. "A kì í kírun òkú sí ẹni tó wà nílé lára."

"Hùmúàní," ni bàbá Jẹ̀mílátù wí fún ìyá wa, "ẹ ṣe sùúrù. Ìbànújẹ́ ló ń ṣe yín. Jẹ̀mílátù, wọlé lọ múra, o ó bẹ̀rẹ̀ opó rẹ lónìí."

"Ọkọ mi ti dé, Bàbá," ni Jẹ̀mílátù wí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé oúnjẹ ti jinná.

Bàbá rẹ̀ yíjú sí mi. "Basit, ìwọ lọkùnrin ilé. Ṣé àbúrò rẹ dé, àbí kò dé?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ohun tí mo wá kiri láti ọjọ́ yìí ni kí n lè dáhùn ìbéèrè yẹn. N kò lè dáhùn.

Alùfáà bọ́ bàtà rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí abẹ́ páànù. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó padà, ìsàlẹ̀ jalámíà rẹ̀ ti rin. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun kò lè kí ìrun yẹn. Wọ́n bi í pé ṣé ọmọkùnrin náà wà láàyè ni. Kò sọ pé ó wà láàyè. Wọ́n ní ṣé ó ti kú nígbà náà. Kò sọ pé ó ti kú. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Kò wá sílé wa mọ́. Bó bá rí mi lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, á mi orí sí mi, á yà sí òdìkejì.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Gbénga bẹ àwọn ọlọ́nà igbó pé kí wọ́n bá òun wo abẹ́ igi èmi yẹn. Wọ́n ní máṣíìnì náà ṣì wà níbẹ̀. Táàpù epo wà ní títì. Aláǹtakùn ti ta okùn rẹ̀ láti ara kíìkì dé ara igi. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án. Gbénga sọ ọ́ fún mi, ó sì ní kí n má bi òun ní nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà. Jẹ̀mílátù kò ṣe opó, kò sì padà sílé bàbá rẹ̀. Láàárọ̀, a máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé. Méjì, ìdákẹ́, ọ̀kan. Ìyá wa á ní kí Ọlọ́run mú un lọ, mú un bọ̀. Bó bá di Màgàríbì, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé á tún tutù.

Yàrá Jẹ̀mílátù fara ti yàrá mi. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìyàwó ti ń bá ọkọ tó ti rẹ̀ sọ̀rọ̀. Á béèrè nǹkan. Á dákẹ́, á dúró. Ohùn kan á sì dá a lóhùn. N kò gbọ́ ohun tó ń wí. Ìró rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ láti ara ògiri.

Á jí. Á wúkọ́. Á gbé omi mì. Á dákẹ́, títí n ó fi rò pé ó ti parí.

Á tún jí.